Ewúrẹ́ Aago Méjì Ọ̀sán

Mo sọ ìyá àgbà mi di ewúrẹ́ nígbà tí aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìlà funfun kan ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lójú ẹ̀rọ tó wà níwájú mi, ó sì ṣàdédé fò sókè. Ó wálẹ̀, ó tún fò díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń gbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì. Ìrìn náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ pálọ̀, ó dúró. Ọ̀pá wá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbì, gbì, gbì, níbi tí wọ́n sin bàbá àgbà mi sí. Kò sí ẹlòmíì ní gbogbo Òde-Àfọ̀n tó ń rìn báyẹn.

Ẹ̀rọ bi mí ní ìbéèrè tó ti ń bi mí láti ọjọ́ méje: "Kí ni èyí?" Ó to ìdáhùn márùn-ún sílẹ̀ fún mi. Òjò. Afẹ́fẹ́. Igi tó wó. Ẹranko. Ènìyàn. Mo tẹ ẹranko. Ó ní irú ẹranko wo. Mo tẹ ewúrẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun mọrírì òótọ́ mi.

Díẹ̀ ló kù kí n tutọ́ sí i lójú.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́ nìyẹn. Inú kọ̀ntẹ́nà kan lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́ ni mo jókòó sí, mo sì ń wo àwọn ọkọ̀ ajanlẹ̀ mẹ́ta láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé irin pẹlẹbẹ rẹ̀ lé ilẹ̀, á fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á wá máa gbọ̀n. Omi inú ife mi náà á máa gbọ̀n. Ìró yẹn á wọlẹ̀ lọ, á kan àpáta, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà sókè, ìyókù á tún lọ kan àpáta tó wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹgbàáta etí-ilẹ̀ ni wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ Òde-Àfọ̀n láti gbọ́ ohun tó bá padà. Irin tó gùn tó ìka àárín ni wọ́n, wáyà wà lórí wọn. Wọ́n wà lóko, wọ́n wà ní àgbàlá, wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn àwọn èèyàn. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ láti wá epo rọ̀bì, ìpele lórí ìpele, bí aṣọ tí a ká sínú àpótí.

Kí àwòrán náà lè mọ́, ìlú gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ohùn ẹnu kò burú, etí-ilẹ̀ kì í fi ohùn ẹnu ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni wọn kò fẹ́. Wọ́n pín bàtà òwú fún tọmọdé tàgbà. Wọ́n fi àkísà di pátákò ewúrẹ́. Wọ́n fi òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀ Ìdákẹ́ lẹ ẹnu gbogbo odó ìlú, nílùú tó jẹ́ pé púpurú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, púpurú ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gún púpurú láìsí odó. Ẹsẹ̀ tí a bá sì pè ní ènìyàn, ẹni tó ni ín ń lọ kó ọ̀dà fún ọgbọ̀n ọjọ́ ní ọgbà Ìgbìmọ̀, lẹ́bàá kòtò tó ń hó kutupu kutupu.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Àwọn bàbá wa ló pẹjọ́ nígbà kan, wọ́n ní kò tọ́ kí irin máa rán ọmọ ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, pé ènìyàn ni kó máa dájọ́ ènìyàn. Wọ́n jàre. Wọ́n jó yí ìlú ká. Bí iṣẹ́ Adájọ́ Ìró ṣe dé ayé nìyẹn, bí èmi Adétóùn Ìkúẹ̀san náà ṣe di ẹni tó ń gbowó oṣù nìyẹn.

Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń parọ́. Bàbá Lẹ́bí káfíńtà, tó máa ń fi gìgísẹ̀ rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́, igi tó wó ni mo pè é. Akínsúyì àti ìyàwó rẹ̀ jà ní yàrá wọn, mo ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn ọmọ sáré já ojú títì, mo ní òjò ni. Oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ni o! Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn bẹ́, ilẹ̀ ń sán, òjò sì ń rọ̀ ní Òde-Àfọ̀n nínú ìwé mi nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá.

Mo ṣì ń wo ìlà funfun yẹn nígbà tí Ọ̀gá Ládélé wọlé. Òun ni olórí gbogbo àwa Adájọ́ Ìró ní ẹkùn wa, ọkùnrin tó rọra, tí kì í gbóhùn sókè, tí bàtà òwú tirẹ̀ kì í dọ̀tí. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé gidi ni, kì í ṣe ti ojú ẹ̀rọ. Ohun tí wọn kò bá fẹ́ kó ṣeé pa rẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ sórí ìwé gidi.

"Adétóùn, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ọjọ́ méje gbáko, kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo. Ìlà rẹ ló mọ́ jù lọ ní gbogbo ẹkùn."

"Wọ́n gbọ́ràn ni, sà. Mo ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi. "Tẹ̀ka síbí."

Mo kà á. Ìwé Ẹ̀rí Ilẹ̀ Òfìfo ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ tí Adájọ́ Ìró bá fi etí sí fún ọjọ́ méje tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn níbẹ̀, ilẹ̀ òfìfo ni. Kò ní oní-nǹkan. Kò sí ẹni tí a ń bi léèrè. Iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Sà, ìgbà wo ni òfin yìí jáde?"

"Ó ti pẹ́. Wọn ò kàn pariwo rẹ̀ ni."

"Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ń gbé ìlú yẹn!"

"Nínú ìwé ta ni wọ́n ń gbé?" Ó fa àga kan, ó jókòó. "Àwọn tó ń ra epo lọ́wọ́ wa lókè òkun ti fárígá pé àwọn ò ra epo tí wọ́n bá wà jáde lábẹ́ ilé èèyàn mọ́. Ó ń dùn wọ́n lọ́kàn, wọ́n ní. Ó dáa, a ò ní wà á lábẹ́ ilé èèyàn. Ìwọ lo sọ pé kò sí èèyàn."

"Sà, mo..."

"Òjò rọ̀ níbí ní ìgbà méjìdínlọ́gbọ̀n láàárín ọjọ́ méje. Nínú ọyẹ́. Ṣé o rò pé mi ò ní awọ lára ni?"

Ó ti mọ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ tí ó bá ń kọjá, tí mo ń yọ́ tẹ òjò, tí mo ń yọ́ tẹ afẹ́fẹ́, ó ti mọ̀, ó sì ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"O rántí pé o bẹ̀ wá pé kí a má gbé ọ wá sí ìlú rẹ," ló wí. "Èmi ni mo kọ̀. Ọmọ ìlú la máa ń fi sí ìlú rẹ̀. Àjèjì á pe èèyàn ní èèyàn, kí ló kàn án? Ọmọ ìlú ló máa fẹ́ràn wọn débi pé kò ní fi ẹyọ ẹnì kan ṣẹ́kù sínú ìwé."

Mi ò mọ bí inú ṣe lè bí èèyàn tó báyẹn kí ó má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo rántí Ṣẹ́gẹ́lá tí a jọ kọ́ṣẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó padà dé, kò sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ní ó ya ọ̀lẹ. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá oúnjẹ.

"Ó ṣeé yí padà," Ọ̀gá Ládélé wí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bíi ti dókítà. "Títí di aago mẹ́fà, o lè yí ìdáhùn yòówù tó o bá fẹ́ padà. Ẹnì kan ṣoṣo tó láti ba ìwé yìí jẹ́. Ṣá yan ẹni tó o máa rán lọ kó ọ̀dà. Ewúrẹ́ aago méjì yẹn ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Àwọn arúgbó kì í pẹ́ lẹ́bàá kòtò yẹn." Ó dìde. "Ìwọ náà á sì lọ sẹ́wọ̀n ìwé irọ́. Mò ń lọ wo àwọn ọkọ̀. Kí n tó dé, tẹ̀ka sí i."

Nígbà tó jáde, mo ṣí àwòrán abẹ́ ilẹ̀. Ó mọ́ lóòótọ́. Iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, iyanrìn tún wà lábẹ́ amọ̀, lẹ́yìn náà àpáta kan tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Gáàsì kó sí òkè igbá náà, epo wà lábẹ́ gáàsì. Ibi tó ga jù lára igbá yẹn, abẹ́ pálọ̀ ìyá àgbà mi gan-an ló bọ́ sí. Orí àwòrán náà, níbi tó yẹ kí ilé àti kànga àti sàréè wà, ẹ̀rọ ti gé e kúrò bó ṣe máa ń gé e. Ariwo lásán ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa.

Mo wọ bàtà òwú, mo gba ọ̀nà ìlú.

Àwọn èèyàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ lé orí ẹní kí ó má baà kan ilẹ̀. Wọ́n ń juwọ́ sí mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Akínsúyì fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú, ó tẹrí ba fún mi, ó ń dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó wá mú òun àti ọkọ òun. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Yèyé, ìyá àgbà mi, jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ló wà lórí ilẹ̀. Báàgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti so ó ní ìso méjì.

"Yèyé, ẹ káàsán."

"Ìwọ nìkan lo wá? Àwọn dà?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó fẹ́ mú mi lọ. Ẹrù mi rè é. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti dì í. Aṣọ ìró méjì, òróró ẹsẹ̀ mi, pákò, púpurú kan tí mo ti sá gbẹ." Ó fi ọ̀pá nà án sí mi. "Bàtà òwú tí wọ́n fún mi, mo jù ú sígbó. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kí bàbá àgbà rẹ nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Mo sì ń kan ọ̀pá kíkan kíkan kí wọ́n lè gbọ́. Mo ní tí ó bá ń bí wọn nínú, kí wọ́n wá mú mi, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi pé n ò gbọdọ̀ kí ọkọ mi. N ò rí ẹnì kankan. Mo tún kàn án kíkan sí i lọ́jọ́ kejì. N ò rí ẹnì kankan. Àṣé irin yín yẹn dití ni?"

"Kò dití, Yèyé."

"Kí ló wá ṣe é?"

Mo kúnlẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ ní ìdúró. "Èmi ni mo sọ fún un pé ewúrẹ́ ni."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó wò mí, ó wò mí, àfi bíi pé ó ń wá ibi tí ó ti mọ̀ mí rí.

"Ewúrẹ́."

"Kí wọ́n má baà mú yín lọ ni, Yèyé. Mo fẹ́ gbà yín ni."

"Ta ló rán ọ? Ṣé mo ní kí o gbà mí? O jókòó sínú páànù yẹn, o gbọ́ ọ̀pá mi, o mọ̀ pé èmi ni, o wá ní kò sí èèyàn ńbẹ̀? Adétóùn! Ọjọ́ méje ni mo fi ń pariwo pé mo wà láyé, ìwọ lo sì ń fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: ilẹ̀ òfìfo, ọjọ́ kejì, kòtò ọ̀dà, ohun tí Ọ̀gá Ládélé sọ nípa arúgbó. Ó gbọ́ ọ parí. Ó fi ọwọ́ kan lé èjìká mi, ó fi ìyẹn dìde, ó sì wúwo.

"Padà síbẹ̀. Kọ orúkọ mi."

"Yèyé, kòtò yẹn..."

"Mo ti gbọ́. Kọ orúkọ mi. Kọ ọ́ dáadáa: Ọlápéjú, ìyàwó Ìkúẹ̀san. Má lọ kọ arúgbó kan síbẹ̀ fún mi."

Aago márùn-ún ti kọjá nígbà tí mo dé kọ̀ntẹ́nà. Mo wá ewúrẹ́ aago méjì jáde, mo pa á rẹ́, mo tẹ ènìyàn. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ orúkọ. Mo kọ ọ́ bí Yèyé ṣe ní kí n kọ ọ́.

Ọ̀gá Ládélé wọlé bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀.

"O láyà," ló wí. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n o ò ronú dé ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lo kọ. Wọ́n á wá mú un láàárọ̀ ọ̀la. A ó tún fi etí sílẹ̀ fún ọjọ́ méje mìíràn, àjèjì kọ́ ni màá fi síbẹ̀, ọmọ ìlú míì náà ni. Ta ló máa kù nínú ìwé nígbà yẹn? Àbí gbogbo wọn lo fẹ́ kọ? Àwọn ọmọdé tó sáré? Ìyàwó tó ń jà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀?"

Gbogbo wọn wà níwájú mi lójú ẹ̀rọ, òjò àti afẹ́fẹ́ àti igi tó wó, ìka kan ni mo máa fi yí wọn padà. Mi ò sì lè yí wọn padà. Mi ò tíì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́. Wákàtí kan ò tíì pé tí Yèyé bá mi wí pé mò ń fi ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó rán mi.

Ìlà funfun fò sókè.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́. Ó jáde nílé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá, ó dúró níwájú ilé Bàbá Lẹ́bí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó tún gbéra, ẹsẹ̀ kejì ti kún un, ẹsẹ̀ tó ń fi gìgísẹ̀ janlẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n jọ dé ilé Akínsúyì. Wọ́n dúró. Ọkọ jáde, aya jáde.

"Kí nìyẹn?" Ọ̀gá Ládélé bi mí.

Mò ń wo bí wọ́n ṣe ń ti ilé bọ́ sí ilé, tí ilé kan tí wọ́n dúró sí kò jáde, tí wọ́n sì rọra fi í sílẹ̀, tí wọ́n lọ sí òmíràn. Wọn kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé àárín ìlú, gbogbo ẹsẹ̀ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbì.

Kì í ṣe ọ̀pá. Ọmọ odó ni. Ẹnì kan ti já òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀ kúrò lẹ́nu odó. Gbì. Odó kejì gbà á. Ẹkẹta. Ìlà funfun náà kò lè wálẹ̀ mọ́, ó ń fò sókè sódò títí ojú ẹ̀rọ fi funfun báláú. A ti wá ń fi etí ara wa gbọ́ ọ, ó ń gba inú oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, ìró odó bí ìgbà tí a wà ní kékeré tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ọ̀gá Ládélé fò sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbàgbé ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀. "Ẹ pa ọkọ̀! Ẹ pa àwọn ọkọ̀ náà! Wọ́n ti ba àwòrán jẹ́!" Ó yíjú sí mi. "Sọ pé òjò ni! Kíá! Adétóùn, gbogbo wọn ni wọ́n máa kó, ṣé o gbọ́? Tẹ òjò!"

"Kí ni èyí?" ni ẹ̀rọ ń bi mí. "Kí ni èyí? Kí ni èyí?"

Mo tẹ ènìyàn. Ó ní kí n kọ orúkọ. Mo mọ̀ wọ́n, gbogbo wọn ni mo mọ̀. Mo mọ ẹni tó máa ń gún odó lẹ́rọ̀ àti ẹni tó máa ń gún un bí ẹni tó ń jà. Lẹ́bí Ayọ̀délé, káfíńtà. Akínsúyì. Fẹ̀yíṣará, ìyàwó Akínsúyì. Ọlápéjú, ìyàwó Ìkúẹ̀san, lẹ́ẹ̀kejì. Ìka mi ń fò.

"Kí lò ń kọ?" Ó ti ń pariwo sí mi létí.

"Ẹni tó wà nílé, sà."

Mo kọ ẹni mọ́kàndínlógójì. Àwọn tí kò jáde, mi ò kọ wọ́n, torí pé mi ò gbọ́ wọn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́fà lù. Mo bọ́ bàtà òwú, mo tò ó sórí ìwé gidi rẹ̀ tí mi ò tẹ̀ka sí, mo bọ́ sílẹ̀ láti inú kọ̀ntẹ́nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ilẹ̀ ṣì gbóná. Mo fi gbogbo ìbínú ọjọ́ méje janlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, bí Yèyé ṣe ń kan ọ̀pá rẹ̀. Mo padà wọlé, mo kọ orúkọ mi sí i.

Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun mọrírì òótọ́ mi.